Àwọn Tó Ra Òórùn Lọ́wọ́ Dáhùnsí

Irin ni wọ́n fi já àgádágodo ilé ìkẹ́rùsí Adùn-Ilé ní Creek Road lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo èrò sì rí nínú òkùnkùn ibẹ̀ ni ojú Morìnsọ́lá. Àwòrán rẹ̀ gbàràmù kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgò olóòórùn kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Màmá Àgbà wa." Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn èrò. Nígbà tí àwọn tó wà níwájú gbé ojú kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì yíjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Kò sí ọjà kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn páálí òfìfo, dúrọ́ọ̀mù tínà tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà, ìgò aláwọ̀ mèremère tí wọn kò tíì rọ nǹkan sí, àti àrọ kan tó ti bó. Dáhùnsí tó ni ilé iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó yọ ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri lọ, ó tú fáànù òkè lọ. Àwòrán Morìnsọ́lá nìkan ló fi sílẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó gbàgbé rẹ̀.

Obiageli, tó ń ta bàtà ní Boundary, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Màmá Àgbà, na you carry me come here o. Dáhùnsí dà?"

"Èmi náà ò mọ̀, Obiageli. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Leave God. Dáhùnsí dà?"

Báyìí ni Adùn-Ilé ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ ra páálí òórùn kan: àbẹ́là olóòórùn, ìgò tí wọ́n ń fín sí yàrá, àti èyí tí wọ́n ń ki igi tín-ín-rín bọ̀ kí ilé lè máa ta sánsán. Lẹ́yìn náà yóò wá ọmọ, àwọn ọmọ náà yóò wá ọmọ tiwọn. Ẹni tó mú ọ wọlé ni ìyá rẹ, èrè yóò sì máa gòkè láti ọwọ́ ọmọ sọ́dọ̀ ìyá, láti ọwọ́ ìyá sọ́dọ̀ ìyá àgbà, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Dáhùnsí tó jókòó lé gbogbo wọn lórí. Bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń ra òórùn, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni. Ta ni kò sì fẹ́ òórùn dáadáa ní Ajégúnlẹ̀? Ẹni tí kò bá gbé ẹ̀gbẹ́ kànáàlì, ẹ̀gbẹ́ Malu Road ló ń gbé, tí èéfín tírélà ń bá a jẹun àárọ̀.

Morìnsọ́lá ni alága Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó kó ẹgbẹ́ náà wọlé tọmọdé tàgbà, wọ́n sì fi í joyè Màmá Àgbà. Obìnrin náà kì í ṣe olè, òpè ni. Ohun tó sì pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ta ló ń bi ìyá rẹ̀ léèrè pé níbo lẹ ti rí ọbẹ̀ yìí? Ohun tí ìyá bá gbé kalẹ̀, ọmọ á jẹ ẹ́ ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí èrò fà á lọ, Sájẹ́ǹtì Ewoma, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Àwòrán ta ló wà lára ògiri?"

"Tèmi ni."

"Ẹnu ta ni wọ́n fi pe àwọn èèyàn yìí wá?"

"Tèmi ni, ṣùgbọ́n..."

"No 'ṣùgbọ́n' yet, màmá. Ta ló rí Dáhùnsí gba owó?"

Kò sí ẹni tó rí i. Dáhùnsí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àyàfi lọ́wọ́ òun, ní kọ̀rọ̀. Ọwọ́ àwọn ìyá ló ń gbà á, ọwọ́ Màmá Àgbà ni àwọn ìyá sì ń kó o sí.

"Ẹ gbọ́," ni Ewoma wí. "Ẹ̀yin ni Dáhùnsí títí a ó fi rí Dáhùnsí. Bí a ò bá rí i kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, ẹ̀yin nìkan ni adájọ́ máa rí. Ẹ̀wọ̀n ni."

Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì gba béèlì rẹ̀. Morìnsọ́lá délé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Akínwùmí ọkọ rẹ̀ ti wa tírélà lọ sí Kano, kò tíì dé. Bó ṣe ń wá omi tí yóò mu ni fóònù rẹ̀ dún, nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ni.

"Màmá Àgbà, ẹ kú ìnira o." Ohùn Dáhùnsí ni, ohùn tó tutù bí omi àmù, èyí tó fi ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. "Mo gbọ́ pé ẹ ń dárúkọ mi fún ọlọ́pàá."

"Dáhùnsí, kí ni mo ṣe ọ́? Wá sọ fún wọn pé n ò mọ nǹkan kan!"

"Mo rí Ṣayọ̀ yín lẹ́nu géètì ilé-ìwé rẹ̀ lónìí. Aṣọ ilé-ìwé yẹn ti kúrú jù fún un. Ẹ bá a rán òmíràn, kí ẹ sì dákẹ́."

Ó pa fóònù.  Morìnsọ́lá sáré mú Ṣayọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Apapa. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀dọ̀ Ewoma lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ewoma wádìí títí ó fi rí ọlọ́kọ̀ ojú omi kan lẹ́bàá Tin Can tó jẹ́wọ́ pé òun gbé ọkùnrin kan tó di ẹrù púpọ̀ sọdá sí Snake Island. Wọ́n mú Morìnsọ́lá dání, nítorí òun ló mọ ojú Dáhùnsí dáadáa. Ilé pákó kan ni wọ́n tọ́ka sí fún wọn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ òkun sí. Irin tó ti dípẹtà ló kún gbogbo ibẹ̀. Ewoma fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀bá wà lórí tábìlì, ó ṣì ń rú èéfín, òkèlè kan tí wọ́n ti bù kò tíì dé ẹnu ẹni tó bù ú. Lójijì ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bú lẹ́yìn ilé. Kí wọ́n tó sáré yí ká, Dáhùnsí ti wà láàárín omi. Kò tilẹ̀ sá bí olè. Ó dúró gbagidi nínú ọkọ̀, ó wo Morìnsọ́lá, ó sì juwọ́ sí i.

Nígbà tí Morìnsọ́lá padà délé, táyà àlòkù kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó bú u. Àwọn aládùúgbò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ará Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún olè.

Ibi tó dúró sí tó ń wo táyà náà ni Ìyá Dáhùnsí bá a. Opó ni ìyá náà, ẹ̀yìn ilé wọn ló ń gbé, bẹ́ǹṣì ìkẹyìn ló sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́, ẹnikẹ́ni kò kí i mọ́.

"Morìnsọ́lá, ta ló gbé èyí síbí?"

"Mi ò mọ̀, ìyá."

"Ìwà ọmọ mi ló gbé e síbẹ̀." Ìyá náà wọlé, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un níjòókòó. "Mi ò mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa gbé e wálé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, inú ọkọ̀ òkun ni Dáhùnsí wà, iṣẹ́ ló ń bá wọn ṣe. Ọlọ́mọ ọlọ́mọ ló bá wa bu yẹ̀pẹ̀ sí pósí ọkọ mi. Ọjọ́ tó dé, ó dojú bolẹ̀ lórí sàréè náà, ó fi ọmú tó mu búra pé bí òun bá wà lábẹ́ omi, òun ni òun máa kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí tèmi. Àkọ́bí mi ni. Kò lè gbọ́ kó má wá."

"Kó gbọ́ kí ni, ìyá?"

"Kéde pé mo ti kú."

Morìnsọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ìyá! A kì í fi ikú ṣeré."

"Ta ló ń ṣeré? Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí ọlọ́pàá bá mú un, á ṣẹ̀wọ̀n, á jáde wá sin mí. Bí àwọn tó gbé táyà yìí bá rí i ṣáájú ńkọ́? Ta ló máa sin mí?" Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣèlérí fún mi."

Morìnsọ́lá ṣèlérí. Kò mọ bó ṣe máa mú un ṣẹ.

Àwọn méjèèjì lọ sọ ọ́ fún Ewoma. Wọn kò mú ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́, nítorí àlùfáà wọn kì í parọ́. Ìwé "Ó Dàárọ̀" ni wọ́n tẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri Malu Road. Ìyá náà ló fúnra rẹ̀ ṣa fọ́tò tí wọ́n lò. Ó ní èyí tí Ewoma kọ́kọ́ mú sọ òun di arúgbó. Lẹ́yìn ìyẹn ó wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obiageli tí kò mọ nǹkan kan wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń ké pé, "Mama, na your pikin kill you! Na Dáhùnsí!" Morìnsọ́lá jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú aṣọ dúdú. Gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé ló ń yẹ̀ wò.

Ọ̀sán pọ́n. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù pupa àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, tó fi ìbòmú bo ojú dé ìdajì, ru àpò omi inú ọ̀rá wọlé. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín àwọn tó ń sunkún kọjá. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló ti dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Agbómità wo ló ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá olóòkú? Ọmọ inú ilé ni. Morìnsọ́lá dìde, ó tẹ̀ lé e.

Àpò omi bọ́ lórí ọkùnrin náà, ó bẹ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wò ó.

"Màámi!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kú! Olúwa ṣeun o, màámi ò kú!" Kò bèèrè ìdí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí pé ẹnikẹ́ni ń lé òun. Morìnsọ́lá kórìíra ọkùnrin náà dé mùdùnmúdùn eegun, síbẹ̀ àánú rẹ̀ ṣe é lọ́jọ́ náà, inú sì bí i pé àánú náà ṣe òun.

Ewoma jáde lẹ́yìn aṣọ fèrèsé pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Dáhùnsí gbọ́ bó ṣe dún lọ́wọ́ òun, ó gbójú sókè.

"Màámi. Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Kò jà. Ṣùgbọ́n Obiageli ti yọjú, ó ti rí i, igbe tó ké dé Boundary. Kíá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Àwọn kan ń yí táyà bọ̀, ẹnìkan gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù. Ọlọ́pàá méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò lè dá wọn dúró. Morìnsọ́lá na apá méjèèjì, ó dí ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò ní wọlé!"

"Màmá Àgbà, comot!"

"Bí ẹ bá sun ún, ta ló máa sọ ibi tó kó nǹkan yín sí? Ta ló máa sọ pé n ò mọ̀?"

"Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ sun!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n da pẹtiróòlù sí i láṣọ. Ó di ojú, kò yẹ̀.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án ní èjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Dáhùnsí ti dìde. Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde síwájú èrò, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, láìwé gèlè.

Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Àwọn tó wà níwájú fẹ̀yìn rìn lu àwọn tó wà lẹ́yìn, ẹlòmíràn gba ojú fèrèsé sá. Obiageli wólẹ̀, ó ń pe Jésù. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí ta ló fẹ́ bá òkú jiyàn?

"Dáhùnsí," ni ìyá náà wí, kò wẹ̀yìn. "Jáde wá. Ṣé Morìnsọ́lá mọ̀?"

Dáhùnsí jáde pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. "Kò mọ nǹkan kan, màámi."

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

"Kò mọ nǹkan kan! Mo lo orúkọ rẹ̀ nítorí ẹ gbà á gbọ́. Tínà àti àwọ̀ ni mo ń rọ sínú ìgò, èmi nìkan ni mò ń pò ó. Ohun tí mo kó jọ wà ní Snake Island, nínú ikùn ọkọ̀ òkun àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ilé pákó yẹn. Mi ò tíì ná ìdajì rẹ̀."

Èrò mí kanlẹ̀. Ọwọ́ Morìnsọ́lá tó nà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pẹtiróòlù, ó sì sun ẹkún tó ti ń gbé mì látọjọ́ yìí. Obiageli ló wá fà á dìde. "Màmá, no vex," ni ó ń wí. "Abeg, no vex."

Bí Dáhùnsí ṣe sọ ni wọ́n ṣe bá owó náà. Kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere jó nígbà tí wọ́n gbọ́, Ewoma sì yọ orúkọ Morìnsọ́lá kúrò nínú ẹjọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Morìnsọ́lá pàdé Ìyá Dáhùnsí lẹ́bàá Malu Road. Ìyá náà gbé abọ́ oúnjẹ kan tó fi aṣọ dì, ó dúró, ó ń wá àyè sọdá.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, ìyá?"

"Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Olè ni o. Ṣùgbọ́n kò tíì jẹun láti àná."

 Inú ṣì ń bí Morìnsọ́lá, kò tíì dárí ji ọkùnrin náà, kò sì mọ ìgbà tó máa dárí jì í. Tírélà kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ ìyá, ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ sọdá.