Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àgbà Perpetua

Bí Delfina Abrasaldo ṣe ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣa ẹ̀rí jọ, ó rí àtẹ́lẹwọ́ kan lára gíláàsì ẹ̀yìn. Kì í ṣe eruku ọ̀nà ló yà á. Páúdà dúdú ni, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá mọ́ ara nǹkan kí ìtẹ̀ka lè jáde. Ìka kan níbẹ̀ kúrú. Kò lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní abúlé Hinabuyan ní erékùṣù Samar, ó ti di irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú: ọwọ́ òkú Ìyá àgbà Perpetua, tí àdá tó fi ń la àgbọn ti gé ìka rẹ̀ láti ìgbà èwe. Wọ́n pa á sílé ìdáná rẹ̀. Marisol, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ti di àwátì.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Isidro Catubig, ọ̀gá wọn, wo gíláàsì náà. "A ò yà jẹ búrẹ́dì," ló sọ wẹ́lẹ́.

Nílùú wọn, kò sẹ́ni tí í ti ọ̀dọ̀ òkú bọ̀ tààrà síbi tó ń lọ. Wọn a kọ́kọ́ yà sílé búrẹ́dì, wọn a jẹun, wọn a gbọn aṣọ, kí ohun tó bá tẹ̀ lé wọn lè ṣìnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìròyìn dé lórí rédíò pé ikọ̀ ọlọ́pàá akọlù ti yí ilé Gaudencio ká. Mọ̀lẹ́bí olóògbé ni, oko àgbọn ìyá náà ló fẹ́ gbà, òun ni wọ́n sì fura sí pé ó pa á. Ó ń pariwo látinú ilé pé Marisol wà lọ́wọ́ òun, pé ẹni tó bá wọlé yóò bá òkú rẹ̀. Nínú ìkánjú, wọn kò yà síbì kankan kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì.

Delfina ti máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. "Ẹ máa gbọn aṣọ yín o. Jésù lèmi ń tẹ̀ lé."

Nestor awakọ̀ rántí rẹ̀. "Àǹtí Wòlíì, ẹ kí àlejò yín káàbọ̀ o. Ọ̀dọ̀ yín ló bá wá."

Delfina nu gíláàsì náà mọ́, ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó to àwọn fọ́tò ilé olóògbé sórí tábìlì. Ó lọ fọwọ́, ó padà dé. Àtẹ́lẹwọ́ dúdú náà ti wà lórí fọ́tò kan: ààrò tí wọ́n fi ń yan àgbọn lẹ́yìnkùlé. Ike páúdà ṣì wà ní dídé nínú àpótí. Òórùn èéfín àgbọn sì gba inú yàrá náà, níbi tí kò sí iná.

Ó kúnlẹ̀. "Olúwa, bó bá ṣe ẹ̀mí èké ni, bá a wí. Ṣùgbọ́n ìwọ tó gbọ́ igbe ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì nínú ilẹ̀, bó bá ṣe ìwọ lo rán an, má jẹ́ kí n dití."

Òórùn náà kò lọ. Ó ń pọ̀ sí i ni. Ìgbà náà ló rántí pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán làwọn òṣìṣẹ́ oko máa ń dáná sí ààrò.

Ó gbá rédíò mú, ó ní inú ààrò yẹn ni Marisol wà. Rufo, balógun ikọ̀ akọlù, fi í ṣẹ̀sín. "Kí n kó àwọn ọmọ mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà apànìyàn nítorí fọ́tò tó dọ̀tí?"

"Ẹ yá mi ní méjì péré, ẹ jọ̀ọ́."

Catubig gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀. "Rufo, èmi náà rí ọwọ́ yẹn. Fún un."

Nígbà tí wọ́n dé Hinabuyan, òṣìṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ààrò, imọ̀ àgbọn tó ń jó lala wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pa iná yẹn!" ni Delfina kígbe.

Ọkùnrin náà ju imọ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́pàá akọlù méjèèjì wọ́ lọ sínú ihò iná, wọ́n ń fọwọ́ wa èèpo àgbọn tí wọ́n kó dí i. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Marisol wà, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere.

"Ó wà láàyè! Ó wà láàyè!"

"Halelúyà!" Delfina fò sókè tòun ti bàtà ọlọ́pàá. Rédíò gbé ìròyìn náà dé ẹnu ọ̀nà Gaudencio. Bó ṣe gbọ́ pé irọ́ òun ti tú, ó ju ìbọn sóde, ó gbọ́wọ́ sókè jáde.

Delfina ń tú okùn ọmọ náà nígbà tó rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Páúdà dúdú yí i ká bí ẹ̀gbà, ìka mẹ́rin gígùn, ìka kan kúkúrú.

"Ta ló dì ọ́ mú báyìí?"

"Ìyá àgbà ni. Ó ní kí n má sunkún, pé òun ń lọ pe àǹtí oníbúrọ́ọ̀ṣì wá."

Catubig wo ọrùn ọwọ́ náà, ó wo Delfina. "Nọ́ńbà ẹ̀rí wo lo máa fún ìyẹn?"

Kò fún un ní nọ́ńbà kankan. Ó gbé ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n sì forí lé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà tó ń dúró nílùú.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ilé búrẹ́dì, Nestor dẹwọ́ eré ọkọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́tẹ̀ yìí, a máa yà o."

"Má yà," ni Delfina wí. "Ẹni tí Olúwa rán kò tíì jíṣẹ́ tán. Jẹ́ kó tẹ̀ lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ délé."

Marisol na ọwọ́ kékeré rẹ̀, ó fi í lé gíláàsì ẹ̀yìn. Láti ìta, lórí eré tí ọkọ̀ ń sá, àtẹ́lẹwọ́ dúdú kan rọra hàn, ó sì pàdé tirẹ̀.