Àpótí Igi Màmá Solberg

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àpótí igi wa kò sí níbi tí a fi í sí. Ó ṣì wà lórí yìnyín tó bo adágún, àmọ́ ó ti sún sí apá òsì, tó ogún ìṣísẹ̀, sí ìhà ibi àpáta. Òjò dídì tí ó rọ̀ ní àná tẹ́ rẹrẹ láàárín ibi méjèèjì. Kò sí ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀, kò sí ipa ohun tí a wọ́ nílẹ̀.

"Verna," Bàbá Toivo pè mí, "ṣé ìwọ lo wá ṣeré níbí?"

"Èmi? Igi tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè gbé? Ẹ wá yẹ apá mi wò ná."

Àbúrò bàbá mi ni Toivo. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń kọ́ èbúté sí àwọn adágún àríwá Minisóta, èmi sì ni mò ń bá a ṣiṣẹ́. Ìgbà òtútù ni iṣẹ́ wa máa ń yá, torí pé ìgbà náà ni omi máa ń di ilẹ̀. A ó kan àpótí ńlá sórí yìnyín, a ó fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òkúta kún inú rẹ̀, a ó wá fi ayùn gé yìnyín yí i ká, yóò sì rì lọ fìdí kalẹ̀ nísàlẹ̀. Òun ni pákó èbúté yóò gùn lé nígbà tí yìnyín bá yọ́. Òun náà ni irin tí ń gbé ọkọ̀ ojú omi sókè yóò fara tì.

Màmá Solberg ló gbé iṣẹ́ náà fún wa. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Leif, já sínú yìnyín níwájú ilé wọn ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí Bàbá Toivo bi í pé kí ló fẹ́ fi èbúté ṣe lọ́jọ́ ogbó, ó ní, "Mo fẹ́ ibi tí màá ti lè jókòó tì í."

A so àpótí náà mọ́ ọkọ̀, a fà á padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó tún ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta.

Bàbá Toivo kò ṣàwàdà mọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan igi náà.

"Ó rin gbingbin," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Nínú òtútù yìí, ó rin."

Àmọ́ olórí kunkun ni. Ó ní òun á dá a padà, òun á sì kó òkúta wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ti gun ọkọ̀ akẹ́rù tó kún dẹ́nu tán nígbà tí Màmá Solberg jáde, kẹ́tùrù kọfí lọ́wọ́, tó wọ ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó dúró síwájú ọkọ̀.

"Toivo, níbo ló sún sí?"

Ó nawọ́ sí i.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

"Màmá, ibi tí ẹ fúnra yín yàn kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Lu ihò síbi tí mo yàn wò."

"Mo ti lù ú níjẹta. Ó nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ."

"Tún un lù."

Èmi ni mo gbé irin yíyí tí a fi ń lu ihò sí yìnyín lọ. Mo yí i lẹ́ẹ̀mejì péré, omi dúdú tú jáde bo bàtà mi. Yìnyín ibẹ̀ ò ju ìka mẹ́ta lọ mọ́. Mo rọra fẹ̀yìn rìn kúrò.

Bàbá Toivo sọ̀ kalẹ̀. Ó wo òkúta tó wà nínú ọkọ̀, ó wò mí, ó sì jókòó sínú òjò dídì bí ọmọdé.

"Àwa méjèèjì ni ì bá wà nínú ẹ̀, Verna."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, yìnyín le gbandi. A gé ègé yìnyín kan níbẹ̀ kí a lè wo ìsàlẹ̀ omi, a fi ìwọ̀ irin fà á jáde, ó sì dojú dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti wà nínú omi wá kọjú sókè. Àtẹ́lẹwọ́ méjì ló wà lára rẹ̀, wọ́n wọlé ṣinṣin bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìyẹ̀fun pípò, bíi ti ẹni tó ń ti nǹkan láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì ò ní ọmọńdinrín.

Mo rò pé Màmá á figbe ta. Ńṣe ló kúnlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ayùn bàbá Leif ló gé ìka yẹn, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Odidi ọjọ́ kan ló fi í pamọ́ fún mi, kí n má baà sunkún." Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Bàbá Toivo ṣí fìlà. "Ṣé ká bá yín gbé e lọ sílé ni, Màmá?"

Ó mi orí pé rárá. "Ẹ dá a padà. Òtútù á mú un níta níbí."

A tì í padà sínú ihò. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé yìnyín kì í rì. Èyí ò léfòó rárá. Ó lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́ẹ́jẹ́, bí ohun tí ẹnì kan nawọ́ gbà.