Bàtà Tó Ń Gbé Inú Àpò

Bẹ́líìtì máṣíìnì ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí táyà máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ já láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí télọ̀ ń rán aṣọ oníbàárà kan tó jókòó tì í, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù. Télọ̀ wá bẹ́líìtì tuntun kiri, kò rí. Ló bá ká èyí tó já sọ́wọ́, ó forí lé ọ̀dọ̀ aránbàtà tó wà ní ìkángun òpópónà, torí awọ náà ni awọ ń jẹ́.

Aránbàtà yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Kò fọwọ́ kan bẹ́líìtì máṣíìnì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú obìnrin arẹwà? Ó gé ibi tó ti gbó kúrò, ó rán ìyókù pọ̀, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó sì kọ̀ láti gbowó. Nígbà tí télọ̀ délé, bẹ́líìtì kò yí táyà ká mọ́. Ọ̀gbẹ́ni ti gé e jù.

Télọ̀ padà lọ bá a, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ ti sọ máṣíìnì mi di arọ," ó ní.

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín délé, kí n wọ̀n ọ́n lára máṣíìnì gan-an."

"Kí ẹ lè tún gé e?"

"Rárá o. Kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ máṣíìnì."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ohùn ara rẹ̀ sì yà á lẹ́nu.

Yàrá méjì ni télọ̀ ń gbé. Máṣíìnì wà ní ti iwájú, ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní ti ẹ̀yìn. Opó ni télọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kí àìsàn tó mú un lọ, láìbímọ. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn ẹbí rò pé télọ̀ á dirù rẹ̀. Kò dì í. Ó ní òun kò lè fi Màmá sílẹ̀ ní òun nìkan, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń gbé, tí Màmá ń pè é ní Ìyàwó, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Aṣọ rírán kì í fi gbogbo ìgbà wá. Ohun tó gbé wọn ró ni owó opó. Nígbà tí ọkọ wà láyé, ilé-iṣẹ́ ń yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù, nígbà tó sì kú, ìjọba ń san án padà fún ìyàwó rẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn wà pẹ̀lú rẹ̀, ti òun àti Màmá. Káàdì yẹn ni wọ́n fi ń gba oògùn tí wọ́n ń kán sójú Màmá, tí dókítà sọ pé bí wọ́n bá dá a dúró, ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ á kú tán.

Òfin sì wà. Ọjọ́ tí opó bá lọ́kọ mìíràn, owó dúró, káàdì náà dúró. Obìnrin kan wà tí ọ́fíìsì tó ń san owó náà máa ń rán wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Á wo okùn tí wọ́n sá aṣọ sí bóyá ṣòkòtò wà níbẹ̀, á wo ẹnu ọ̀nà bóyá bàtà ọkùnrin wà níbẹ̀. Alábẹ̀wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó mọ bàtà ọkùnrin ju aránbàtà lọ.

Aránbàtà kò mọ gbogbo èyí. Ó wá wọn bẹ́líìtì. Ó tún wá wò ó bóyá ó ń yí dáadáa. Ó tún wá béèrè bóyá kò já. Lọ́jọ́ tó wá lẹ́ẹ̀kan sí i, tí kò rí nǹkan kan sọ nípa bẹ́líìtì mọ́, ó fi fìlà rẹ̀ sórí eékún, ó sì sọ òótọ́.

"Adúmáadán, mo fẹ́ràn rẹ. Bẹ́líìtì yẹn ti dára láti ọjọ́ kejì."

"Mo mọ̀," télọ̀ fèsì. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n lọ gbé bàtà rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ná."

Ìgbà yẹn ló wá ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ náà, bí aránbàtà bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé, á bẹ̀rẹ̀, á bọ́ bàtà, á kó o sínú àpò irinṣẹ́, á sì fi ẹsẹ̀ lásán yọ́ wọlé. Ẹni tó ń ṣe bàtà fún gbogbo òpópónà wá di ẹni tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí Màmá má baà gbọ́, torí ohun tí télọ̀ ń bẹ̀rù jù ni kí Màmá rò pé òun ti gbàgbé ọmọ rẹ̀. Nínú ìpamọ́ yìí ni wọ́n ti mọ ara wọn, ìfẹ́ wọn sì dùn débi pé òòrùn á wọ̀ kí wọ́n tó rántí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ obìnrin á fẹ́ mú un lọ́wọ́ níta gbangba. Aránbàtà ní kí wọ́n ṣègbéyàwó. Télọ̀ gbọn orí. Ó béèrè pé bí àrùn bá dá aránbàtà gúnlẹ̀ ńkọ́, ẹni tí kò ní ọ̀gá, tí ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan kan pamọ́ dè é. Kí ni wọ́n máa jẹ? Kí ni òun máa fi gba oògùn ojú Màmá?

Ọ̀rọ̀ náà dun aránbàtà wọ egungun. "Ẹni tó ti kú ń bọ́ yín," ó ní, "èmi tí mo wà láàyè ń yọ́ wọlé bí olè." Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

Kò wá fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ obìnrin ní kó jẹ́ kó máa lọ, pé ìfẹ́ kì í kún ìkòkò.  Télọ̀ ń rán aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń rán an.

Àárín ìgbà yìí ni àwọn ará ọ́fíìsì wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní ètò tuntun ti wà fún ẹni tí kò ní ọ̀gá: aránbàtà, onígbàjámọ̀, bírikìlà. Kí ẹni náà máa dá díẹ̀ lóṣooṣù. Bí ó bá ti dá a pé ọdún kan, àìsàn rẹ̀ àti ọjọ́ ogbó rẹ̀ ti ní alátìlẹ́yìn, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì gba káàdì. Ọ̀pọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò tíì jẹ tòní, kí ló fẹ́ fi tọ̀la ṣe. Tẹ́lẹ̀, aránbàtà náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó rántí ìbéèrè télọ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun ló kọ́kọ́ dìde lọ forúkọ sílẹ̀.

Ó gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, bàtà nínú àpò. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ ohun tó ṣe.

"Fún mi ní ọdún kan, ayọ̀ mi. Ṣé wàá lè dúró?"

"Mo ti dúró de ẹni tí kò lè padà wá mọ́," télọ̀ sọ. "Ẹni tó ń bọ̀ ni n kò ní lè dúró dè?"

Ọdún náà gùn. Nígbà tó pé, ó ku kí wọ́n sọ fún Màmá. Télọ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan sọ.

"Ṣé ti ẹni tó máa ń rùn bíi gọ́ọ̀mù yẹn ni?" Màmá béèrè.

Télọ̀ gbé ojú sókè wò ó.

"Ojú ló ń dùn mí, Ìyàwó. Imú mi kò ṣe nǹkan kan. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń díbọ́n pé mo sùn kí ẹ lè ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ti ń ro mí."

Télọ̀ bú sẹ́kún, Màmá fa orí rẹ̀ mọ́ra. Ó ní ọmọ òun kò ní padà wá torí pé ìyàwó rẹ̀ jókòó ní òun nìkan. Ó wá sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an: "Bí o bá ti di ìyàwó ẹlòmíràn, ta ni màá wá jẹ́ ìyá fún?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ lọ sí ọ́fíìsì. Ta ni wọ́n bá nídìí tábìlì bí kò ṣe Alábẹ̀wò. Ó kọ orúkọ télọ̀ sábẹ́ ti aránbàtà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ó wá wo Màmá, ó ní ìyá ọkọ àkọ́kọ́ kò sí lára ẹni tí òfin mọ̀, àfi ìyàwó, ọmọ àti òbí. Ó bi aránbàtà pé kí ni ìyá yìí jẹ́ sí i.

Aránbàtà yíjú sí Màmá. Ìyá tirẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi ni," Màmá sọ.

"Màmá, ọmọ kan ṣoṣo lẹ sọ fún wa pé ẹ bí, ó sì ti ṣaláìsí."

"Èyí tí mo bí ló lọ. Eléyìí, etí ni mo fi tọ́ ọ. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú ilé mi láti ọjọ́ yìí wá. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Alábẹ̀wò fi kálámù sílẹ̀. Ó béèrè bóyá abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n máa gbé, bóyá aránbàtà ni yóò máa bọ́ Màmá. Àwọn méjèèjì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní a jẹ́ pé òbí ni, àyè wà fún ẹni tó bá gba àgbàlagbà sọ́dọ̀ ní ìyá. Ó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń dìde, ó sọ láìgbójú sókè pé òun ti máa ń rí ipa ẹsẹ̀ ńlá nínú erukuru ẹnu ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n bàtà ni wọ́n ní kí òun máa wò.

Owó opó dúró lóṣù yẹn, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ọbẹ̀ wọn ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn ojú kò dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àpèjẹ ìgbéyàwó wọn, tí àwọn àlejò ti túká, aránbàtà dé ẹ̀gbẹ́ ilé, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti ń ṣí àpò. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ẹ̀rín ń pa á.

Màmá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

Aránbàtà gbé e fún un. Màmá fi ìka tọ awọ rẹ̀ láti imú dé gìgísẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ ògiri tí bàtà ọmọ rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó sì tò ó síbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè máa rí i.