Èèkàn Inú Ipa Táyà

Òkú kì í rojọ́. Ilẹ̀ tó ṣubú sí ló máa ń bá a rò ó. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Rọra-Wò dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n ti pa iná mànàmáná, wọ́n sì ti fi tapólì bo òkú. Olóògbé ló máa ń di irin mú kó má fì, bí kireni bá gbé e sókè. Apá kireni sún mọ́ wáyà iná tó gba òkè kọjá, iná sì gba ara irin bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló sì ń wa kireni ọ̀hún.

Rọra-Wò jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òkú ibi iṣẹ́ kẹta rèé lóṣù yìí, ẹjọ́ wọn sì máa ń jọra.

Fóòmàn tó ń darí iṣẹ́ náà ò jẹ́ kó sinmi. "Ọ̀gá, ẹ wo okùn pupa yẹn. Àárọ̀ ni mo ti so ó mọ́ èèkàn, kí kireni má bàa dé ọ̀dọ̀ wáyà. Ẹ wá wo ibi tí kireni wà! Ó ti kọjá okùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; awakọ̀ yẹn ò ṣọ́ tirẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀?"

"Ta ló láyà, ọ̀gá?"

Awakọ̀ kireni jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì, ó di bàtà àbúrò rẹ̀ kan mú.

"Ṣé o rí wáyà?"

"Oòrùn ń gún mi lójú, bàbá. Okùn ni mò ń wò. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń wo okùn, n kì í wòkè. Mi ò kọjá rẹ̀, àfi tí mo bá ti ya wèrè. Kí ni màá wá sọ fún ìyá wa? Pé mo pa Kékeré?"

Rọra-Wò kérora dìde, ó tọ ipa táyà lọ. Nígbà tó dé abẹ́ okùn, ó lóṣòó, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?" Fóòmàn ń rẹ́rìn-ín.

"Mo rí i ni. Èèkàn yìí dúró gbọnrangandan láàárín ipa táyà. Kireni gorí ẹ̀, kò ṣẹ́, kò sì tẹ̀. Irú igi wo nìyẹn?"

Ẹ̀rín kú.

"Kireni ti kọjá kí èèkàn tó débẹ̀. Ihò tí ẹ ti fà á yọ rèé, ìṣísẹ̀ mẹ́fà síwájú, lẹ́bàá wáyà. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Iná kì í dúró de ìfọwọ́kàn. Bí irin bá ti sún mọ́ ọn, á fò mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ sún okùn síwájú kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí èèyàn kú, ẹ dá a padà."

Ohùn fóòmàn rẹlẹ̀. "Àwọn tó ni iṣẹ́ ní ó gbọ́dọ̀ parí lónìí ni. Ọ̀gá, a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì."

"Orí ẹni ẹlẹ́ni lo fi rìn."

Àwọn ọlọ́pàá mú fóòmàn lọ. Awakọ̀ ò kúrò nílẹ̀. "Ṣé èmi kọ́ nìyẹn, bàbá?"

"Ìwọ kọ́. Sọ fún ìyá yín bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, wá pè mí, màá fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un."

Ìgbà yẹn ni awakọ̀ tó gbójú sókè. Wáyà wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ.