Ta Ló Fò Láti Orí Odi?

"Inayat, irọ́ ńlá nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe bàbá rẹ ló ń fò. Ó ní ọkùnrin kan láti Imbaba ló máa ń bá a fò."

Mervat ló sọ bẹ́ẹ̀, láàárín àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Shubra, ní ìlú Kairo, níwájú gbogbo kíláàsì. Búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹ̀wà sínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àwòrán ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè kúrò lára ògiri kíláàsì wọn, ojú ibẹ̀ sì mọ́ ju ibi yòókù lọ.

Inayat gbé orí sókè. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ bàbá rẹ̀ ní gbogbo Kairo. Midhat Labib ni, ọkùnrin tó ń gun ẹṣin la iná kọjá, tó ń fi idà kan ṣoṣo lé odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun nínú sinimá. Bó bá ti yọjú nínú fíìmù, àwọn ọmọ ìta tó jókòó síwájú, níbi tí owó rẹ̀ kò wọ́n, a máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, wọn a máa pariwo, "Fò, Midhat! Fò!" Midhat a sì fò.

Àbí ká kúkú sọ òótọ́: Gabir a fò. Inayat mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Gabir ará Imbaba ló máa ń wọ irú aṣọ tí bàbá rẹ̀ wọ̀, tí yóò kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, tí yóò sì bẹ́ sílẹ̀ láti orí odi tàbí orí ẹṣin tó ń sáré. Midhat ló ni ojú, Gabir ló ni ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Gabir a máa wá jẹun nílé wọn, òun náà ló sì kọ́ Inayat bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wò ó ní àgbàlá yẹn, ìtìjú sì bò ó.

"Wáláì, bàbá mi ló ń fò fúnra rẹ̀," ni ó wí. "Ilé tiyín ni wọ́n ti ń bẹ èèyàn lọ́wẹ̀ kí wọ́n tó lè rìn."

Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mervat nu ẹnu rẹ̀. "Ó dáa, mú wa lọ wò ó. Bí a bá rí i, màá bẹ̀ ọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Bí a ò bá wá rí i ńkọ́, Ìyá Irọ́?"

"Ẹ lọ múra sílẹ̀," ni Inayat dáhùn. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, inú Midhat dùn nígbà tó gbọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ òun fẹ́ wá wo òun níbi iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fíìmù àwọn olórin ló gbòde báyìí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onírun dídán, tó ń kọrin ìfẹ́ lábẹ́ fèrèsé, ni aráyé ń fẹ́. Irun tirẹ̀ ti ń funfun, àràárọ̀ ló ń fi aró dúdú kùn ún. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ń wú nígbàkígbà tó bá gun àtẹ̀gùn ilé. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé bí fíìmù tó ń ṣe lọ́wọ́ yìí kò bá tà, ó lè jẹ́ èyí tí yóò ṣe kẹ́yìn.

"Kí wọ́n máa bọ̀," ni ó wí. "Kí ni kí n ṣe fún wọn?"

"Ẹ ṣáà ṣe bí akọni, Bàbá."

"Ṣé bí ojo ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni?"

Inayat rẹ́rìn-ín. Ààyè wà fún un láti jẹ́wọ́ nígbà náà. Kò jẹ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà wà lójú ọ̀nà Giza. Wọ́n ti fi pákó àti ẹfun kọ́ odi ìlú àtijọ́ kan síbẹ̀. Láti àárọ̀ ni Gabir ti ń to páálí àti koríko gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ odi náà. Á fò, á dìde, á sún òkìtì náà síwájú díẹ̀, á tún fò, títí òkìtì fi bọ́ sí ibi tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ sí gan-an. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin náà dé, ó ti wọ ẹ̀wù pupa, ó sì ti wé láwàní, gẹ́gẹ́ bí Midhat ṣe múra.

"Ta nìyẹn tó wọ aṣọ bàbá rẹ?" ni Mervat béèrè.

Inayat yára fèsì. "Ìyẹn? Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ni."

Gabir gbọ́ ọ. Ó wo ojú ọmọ náà. Ó rìn lọ sídìí ẹṣin kan tó wà nítòsí, ó ń fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, kí irọ́ náà má baà já. Ojú ti Inayat, síbẹ̀ ó sá lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń mu tíì.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fò ó fúnra yín lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Midhat gbé ife sílẹ̀. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Bàbá."

Midhat wo àwọn ọmọbìnrin tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnu Inayat ló ti gbọ́ irọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀. Ó wù ú kó jẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ń wí yẹn.

Gabir ti rìn dé ẹ̀yìn wọn. "Ọ̀gá, ẹ má dán an wò. Ìwọ̀n ìfò tèmi ni mo fi to òkìtì yẹn, èmi sì máa ń fò jìnnà. Bó bá tiẹ̀ di dandan, ẹ jẹ́ ká fà á sún mọ́ odi."

"Oòrùn ń wọ̀!" ni olùdarí pariwo láti ìdí kámẹ́rà. "Ẹni tó bá fẹ́ fò kó yáa fò!"

"Gabir, ìgbà tí o ṣì ń fa ìmú sókè ni mo ti ń fò," ni Midhat wí. "Ọmọ mi ló ń wò mí. Fi mí sílẹ̀."

Ó gun orí odi. Ó juwọ́ sí àwọn ọmọbìnrin náà, Inayat sì rí i pé ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ti sinimá. Lẹ́yìn náà ó fò. Orúnkún tó ń wú yẹn kò tì í síwájú dáadáa. Ibi tí ó balẹ̀ sí wà láàárín odi àti òkìtì, níbi tí kò sí nǹkankan bí kò ṣe ilẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Gabir nìkan ló ń sáré.

Ìbàdí Midhat fọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Àwọn dókítà ní kò ní rìn mọ́. Gabir ni wọ́n fi parí fíìmù náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń yà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àwọn òṣèré tó máa ń kún yàrá àlejò wọn wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kò wá mọ́.

Inayat sunkún lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe yín, Bàbá."

"Ìwọ nìkan kọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìwọ lo pa irọ́ náà, èmi ló wù kó jẹ́ òótọ́."

Ọjọ́ tí Inayat padà sí ilé-ẹ̀kọ́, Mervat dìde níwájú gbogbo kíláàsì, omi wà lójú rẹ̀. "Inayat, má bínú. A fojú ara wa rí i. Bàbá rẹ ló ń fò."

Ohun tí Inayat ti fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí egbògi.

"Má bẹ̀ mí," ni ó wí. "Gabir ló ń fò, ẹni tí mo pè ní olùtọ́jú ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi fò níṣojú yín, irọ́ mi ló sì tì í."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó fẹnu ko ọwọ́ Gabir, ó sì bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

"Àwọn ẹṣin ni kó o bẹ̀," ni Gabir wí. "Wọ́n ní mi ò mọ bí a ṣe ń tọ́jú wọn." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, Gabir pọn Midhat sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ilé, ó sì gbé e dé sinimá. Nínú òkùnkùn, àwọn ọmọ ìta ń kilẹ̀, wọ́n ń pariwo bí ìṣe wọn: "Fò, Midhat! Fò!" Ọkùnrin ẹlẹ́wù pupa náà fò láti orí odi, ó balẹ̀, ó sì dìde. Gbogbo ilé hó.

"A mà fò dáadáa o, Gabir," ni Midhat wí.

"A fò dáadáa, Ọ̀gá."

Inayat tó jókòó tì wọ́n kò lè gbójú sókè wo àwòrán náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ká ní ó gba òótọ́ ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀rín díẹ̀ ni wọn ì bá fi rín in, ẹ̀rín náà ì bá sì ti tán kí Mervat tó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ń purọ́ kí ojú má baà tì í, kó rántí pé ó lè má jẹ́ òun ni yóò san án. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lè bá a san án.

Nígbà tí iná tàn, Gabir bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Midhat pọ̀n. Inayat mú bàtà bàbá rẹ̀ dání, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ sílé.