Ìṣẹ́jú Márùn-ún ní Pápá Ìpàtẹ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Kàbà. N kò purọ́ fún ọmọ ilé-ìwé kankan rí, n kò sì ní torí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó wá wo ilẹ̀ pálọ̀ mi. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ìpàtẹ oko, Lois ìyàwó mi dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀ nínú àtíbàbà. Kọfí ló ń tà, kọfí oko bàbá rẹ̀ ní Ekinrin-Adde, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan. Àwọn ènìyàn tò síwájú rẹ̀, wọ́n fẹ́ tọ́ ọ wò. Ó ti bọ́ bàtà. Kì í wọ bàtà tajà. Ó ní ilẹ̀ tí òun bá ń pàtẹ lé, ẹsẹ̀ òun gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ní ọmọńdinrín. Ọkọ́ ló gé e nígbà tí ó wà lọ́mọdé.

"Tíṣà, ẹ bá mi dúró níbí fún ìṣẹ́jú márùn-ún," ó wí. "Kí n lọ jẹun. N kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀."

"Ìwé ìdánwò ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì máàkì."

"Ìwé ìdánwò yín ò ní sá lọ. Àbí kọfí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ń bọ̀.

Nígbà tí mo padà, tábìlì wà. Kọfí wà. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní orí ìdúró ló ti ṣubú. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a.

Kò jẹun.

Wọn kò ṣe ìpàtẹ mìíràn ní pápá náà mọ́. Koríko bò ó. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan gbà á, wọ́n gé e sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di àdúgbò. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ń du ojú títì. Èmi wá igi máńgòrò méjì tó wà nítòsí àtíbàbà rẹ̀ kàn, mo ka ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún láti ìdí èkejì. Ibẹ̀ ni mo rà. Mo ní kí wọ́n kọ́ pálọ̀ sí ojú ibi tí tábìlì rẹ̀ wà gan-an. Àwọn ará ilé mi ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó yé e.

Tájù ni bíríkìlà mi, ọmọ Kàbà, aláwàdà tí kì í fi iṣẹ́ ṣàwàdà. Lọ́jọ́ tí ó da kankéré sí ilẹ̀ pálọ̀, ó tẹ́ ẹ títí ó fi dán bí ojú awo. Oòrùn kan àtàrí. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ kírun lábẹ́ máńgòrò. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo kọ ẹ̀yìn sí pálọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ẹyẹ dákẹ́. Ewé kan kò mì.

Nígbà náà ni mo gbọ́ òórùn kọfí yíyan. Ẹ̀yìn mi ló ti ń bọ̀.

N kò bojú wẹ̀yìn.

Tájù padà dé. Ó wo inú ilé láti orí èjìká mi.

"Tíṣà, ta lẹ jẹ́ kó wọlé?"

Ojú ẹsẹ̀ kún orí kankéré tútù náà. Kò sí èyí tó ti ẹnu ọ̀nà wá. Kò sí èyí tó ti ojú fèrèsé wá. Àárín ilẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn: bàtà, sálúbàtà, ẹsẹ̀ ọmọdé. Wọ́n tò dé ibì kan, wọ́n dúró. Níwájú wọn, ilẹ̀ dán, kò ní àmì kankan, ó gùn tó tábìlì kan. Ní òdìkejì, ẹsẹ̀ méjì tí kò wọ bàtà dojú kọ wọ́n.

Ti òsì kò ní ọmọńdinrín.

Tájù tún ilẹ̀ náà tẹ́. Kò ṣàwàdà kankan. A jọ jáde, a jọ dúró síta. Òórùn náà tún dé. Nígbà tí a wò ó, àwọn ẹsẹ̀ náà ti padà, oníkálukú sí àyè rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ, Tíṣà."

"Má fọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé inú ẹ̀ o. Èmi ní ilé tèmi."

"Èmi ni mo sì ní kí o má fọ́ ọ."

Kankéré gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú. Lẹ́yìn oṣù méjì, Ayọ̀wálé, máníjà ilé-iṣẹ́ tó ta ilẹ̀ náà fún mi, wá pẹ̀lú páálí táìsì mẹ́wàá àti ọkùnrin kan tó gbé òòlù ńlá dání. Ó ní kí Tájù bá àwọn wá.

"Okun o, Bàbá," ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ Kàbà.

"Okun."

"Bàbá, ènìyàn mẹ́ta ti ní àwọn ò ra ilẹ̀ mọ́ nítorí ilé yín. A ó fọ́ ilẹ̀ yìí, a ó tẹ́ táìsì sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Bí àbùkù bá wà lára ilé, àwa la ó tún un ṣe."

"Kì í ṣe àbùkù."

"Kí la wá fẹ́ pè é, sà?"

"Ìyàwó mi ni."

Ó wo Tájù. Tájù wo ilẹ̀. Ọkùnrin olóòlù náà gbé òòlù sókè.

Mo bọ́ bàtà mi. Mo gba àárín wọn kọjá, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí tábìlì máa ń wà.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ mi," mo wí.

Òòlù náà dúró lókè. Oòrùn ti kan àtàrí. Òórùn kọfí dé, lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wa la gbọ́ ọ. Máníjà fi ọwọ́ bo imú rẹ̀. Èmi kò bo tèmi. Mo sọ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

"Lois, máa lọ jẹun. Mo wà níbí."

Kò sí ìró kankan. Tájù ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti yí padà. Kankéré tó ti gbẹ láti oṣù méjì kò sán, kò là. Gìgísẹ̀ wà níbi tí ọmọ ìka wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Wọn kò dúró kó táìsì wọn.

Ilé-iṣẹ́ náà kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan: n kò kúrò. Pásítọ̀ mi ní kí n jẹ́ kí àwọn wá lé e jáde. Mo ní aya ẹni kì í ṣe ohun tí a ń lé jáde. Kò tún padà wá.

Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń dúró ní àyè mi. N kò mọ ibi tí ó ti lọ jẹun. N kò mọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe gùn tó lọ́dọ̀ àwọn ará ọ̀run. Àwọn tó tò síwájú mi kò tíì kúrò.

Páálí mẹ́wàá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni kò tú wọn.