Owó Àpò Ọ̀gá Kì Í Ṣe Owó Iṣẹ́ Rẹ

Nígbà tí Ìyá Ọmọge ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga, kò tilẹ̀ lè bọ́ bàtà. Láti àárọ̀ ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, apá sì ń ro ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kàwé, ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ọmọge, obìnrin tó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí, wá kí wọn. Ó wo ọmọ náà títí.

"Ṣé o ò tíì ra jígí ojú fún ọmọ yìí ni?"

"Owó òfatáìmù ni mò ń retí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí wọn ò san án. Owó oṣù tó kọjá gan-an, wọ́n tún ṣì í ṣírò, wọ́n yọ ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kúrò."

"Ta lo sọ fún?"

"Ọ̀gá wa ni. Èèyàn dáadáa ni. Tí mo bá ti sọ ọ́, á ní kí n ní sùúrù, á ki ọwọ́ bọ àpò, á fún mi ní nǹkan díẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Màá dúpẹ́. Ṣé ẹni tó fún mi lówó lánàá ni kí n tún máa yọ lẹ́nu lónìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ yẹn ló ń dá ọ̀rọ̀ rẹ dúró sọ́dọ̀ ọ̀gá. Àwọn tó ń ṣírò owó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé owó rẹ kù. Kọ ọjọ́ tó o ṣiṣẹ́ kọjá àsìkò, wákàtí tó o lò àti iye tó kù. Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n bu ọwọ́ lu tìrẹ pé àwọn ti gbà á."

"Ọ̀gá á ní aláìmoore ni mí."

"Fi tó o létí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó bá ọ̀gá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó na ìwé náà sí i. "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé mi ò moore."

Ọkùnrin náà kà á tán, ó jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí. "Ta ló ń bínú? Wọn ò san tèmi náà. Owó tí mò ń fún un yín, mò ń yá a ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ, torí èmi ni wọ́n ń pè lọ́gàá."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ọmọge, inú sì tún bí i. Àwọn méjì tí wọ́n jẹ lówó ló ń tu ara wọn nínú, àwọn tó jẹ wọ́n lówó sì ń sùn hanrun.

"Ṣé ìwé kù lọ́wọ́ yín?" ni ọ̀gá béèrè.

Ó kọ tirẹ̀ náà, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí ọ́fíìsì ìṣírò owó. Akọ̀wé ibẹ̀ ní ẹnì kankan ò sọ fún òun rí. Ó bu ọwọ́ lu ìwé wọn. Nígbà tí oṣù parí, díẹ̀ wọlé nínú owó náà, ó sì tó ra jígí ojú. Wọ́n ṣì ń béèrè ìyókù.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa yẹ owó oṣù yín wò lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ kọ̀wé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọpẹ́, ẹ lọ béèrè owó yín.